Ọwọ́ Àbẹ̀ḿbí

“Ẹ̀gbọ́n Bándélé, ẹ yára wá wò ó!”

Láwùmí ti ri agolo tòmátì kan sínú omi gbígbóná. Afẹ́fẹ́ ń yọ létí ìdérí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti rí ohun tó ń mú kí agolo ilé iṣẹ́ kan ní Ring Road máa wú: ẹ̀rọ tó ń dé e kì í dé e pinpin, ìdọ̀tí sì ń ráyè wọlé.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo ti wá a tì. Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé nílé àyẹ̀wò oúnjẹ wa ní Dùgbẹ̀. Ọmọ àná yìí kò tíì lo ọdún kan, òun ni ọ̀gá àgbà wa sì ń pè fún ìmọ̀ràn. Kí n má purọ́, mo jowú rẹ̀.

“O káre,” ni mo wí. “Fi sílẹ̀, màá kọ̀wé sí wọn.”

Tí mo bá kọ òtítọ́, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò máa pè káàkiri. Nítorí náà, mi ò dárúkọ ẹ̀rọ rárá. Ṣáájú ìgbà yẹn, a ti fi òwú nu ọwọ́ àwọn obìnrin tó ń rọ tòmátì sínú agolo níbẹ̀, a sì fi òwú náà pa inú àwo àyẹ̀wò. Kòkòrò àìfojúrí hù nínú àwo gbogbo wọn, bó ṣe máa ń hù nínú àwo ẹnikẹ́ni. Mo ṣa ẹnì kan nínú wọn: Àbẹ̀ḿbí, opó ọlọ́mọ mẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń ba tòmátì jẹ́, mo sì bu ọwọ́ lù ú. Inú máníjà wọn dùn. Ẹ̀rọ tuntun gbówó lórí, opó kò gbówó lórí. Ó lé e kúrò níṣẹ́, ó sì lẹ ìwé mi mọ́ géètì.

Kò pé oṣù kan, obìnrin kan wọlé tọ̀ wá wá, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un yẹ̀ wò. Èmi ni Àbẹ̀ḿbí. Àwọn ẹbí ọkọ mi ti kó àwọn ọmọ mi lọ. Wọ́n ní ìwé yín ti jẹ́rìí sí i, pé ọwọ́ tí mo fi ń se oúnjẹ fún baba wọn ló pa á.”

Láwùmí wò mí. Ó mú àwo méjì, ó tẹ ìka obìnrin náà sínú ọ̀kan.

“Ẹ̀gbọ́n, ó ku tiyín.”

Lọ́jọ́ kẹta, kòkòrò ti hù nínú àwo méjèèjì bákan náà. Láwùmí kọ ìwé tuntun fúnra rẹ̀, wọ́n sì tún ẹ̀rọ ṣe. Àwọn ọmọ kò padà wálé.

Síbẹ̀, Àbẹ̀ḿbí gbé ẹ̀kọ wá fi dúpẹ́. Láwùmí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣí ewé, ó jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Mo tún ń jowú. Mo dúró, mò ń retí kí Àbẹ̀ḿbí fi lọ èmi náà. Nígbà tí ojú wa ṣe mẹ́rin, obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ ìró rẹ̀.