Fìlà Olè Ọ̀gànjọ́

Fíìì! Fíìì! Bí Lionel Quamina bá ti rántí Belmont, àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní erékùṣù wọn, ìró fèrè yẹn ló ń kọ́kọ́ dún létí rẹ̀. Ọ́ńkù Selwyn, àbúrò ìyá rẹ̀, ló ń fọn ọ́n nígbà Kánífà, àjọ̀dún eré ìta gbangba wọn, gbogbo òpópónà á sì pa lọ́lọ́: Olè Ọ̀gànjọ́, eégún tó ń fi ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ dẹ́rù ba èèyàn, dé nìyẹn, pẹ̀lú fìlà ńlá tí pósí kéékèèké ń mì létí rẹ̀, àti ẹnu tí ń pa èèyàn láìmú ọ̀bẹ dání.

Ọ̀nà tí Ọ́ńkù gbà kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ yàtọ̀. Bí Lionel bá ti mọ̀ ọ́n dé ìparí báyìí, Ọ́ńkù á ní, "Ó tó. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ títí òjò yìí á fi dá."

"Màá gbàgbé, Ọ́ńkù."

"Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn! Jẹ́ kó fẹ́ sá lọ kó o tó fà á padà. Ewúrẹ́ tó ṣáko lọ tó tún mọ̀nà ilé, ta ló ń so ó mọ́lẹ̀?"

Tó bá tún di ìgbà mìíràn, á fi í sílẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lionel á làágùn kó tó rí gbólóhùn náà mú.

Ferdie Noriega, ọ̀rẹ́ tó tún jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Kánífà kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, títí ajá àdúgbò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. "Lionel, ṣé o ṣì ń sinmi ni? Oorun kì í kọ́ni lọ́rọ̀ o!"

Ọjọ́ Ajé Kánífà, wọ́n pàdé lójú pópó nínú aṣọ Olè Ọ̀gànjọ́, láti fi ọ̀rọ̀ díje. Ẹni tó bá kọsẹ̀ ni yóò bọ́ fìlà fún ẹnìkejì. Ferdie sọ tirẹ̀ bí omi ṣíṣàn. Lionel dé àárín, ó dákẹ́, ó fà á padà, ó sì parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkọsẹ̀ ni ìkọsẹ̀ ń jẹ́. Fìlà tí Ọ́ńkù fọwọ́ ara rẹ̀ rán bọ́ sọ́wọ́ Ferdie.

"Lọ́jọ́ tó o bá lè sọ ọ́ láìkọsẹ̀, wá gbà á!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ọ́ńkù kò bínú. "Ferdie ló ni òní," ó wí. "Òní ò pẹ́ ẹ́ di àná."

Lionel lọ sí Toronto, ó sì darúgbó síbẹ̀. Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ sí i lára, ó pe ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí wọ́n bí Marva ọmọ rẹ̀, ó pè é. Ọdún gorí ọdún. Nígbà tí ó sin ìyàwó rẹ̀, ó dúró nídìí ààrò, ó tún pè é. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ́.

Àfi bí ohùn tí Ferdie gbà sílẹ̀ láti Belmont ṣe wọlé sórí fóònù rẹ̀ lánàá: "Quamina, o ṣì wà láyé? Mo ti sọ fáwọn ọmọ mi, fìlà tó wà lórí ìṣó nílé mi yẹn ni wọn ó gbé lé pósí mi. Àbí òtútù ò tíì kó ọ̀rọ̀ jẹ lẹ́nu ẹ? Gbọ́ tèmi: Èmi ọmọ tí ìjì bí... tí ìjì bí... Hẹ̀n-ẹ́n, ó wà lẹ́nu mi báyìí!"

"Dádì," Marva wí, "ẹ jẹ́ ká kọ tiyín sílẹ̀, kẹ́ ẹ lè máa wò ó."

"Wo kí ni? Gbé fóònù wá."

Lionel dìde dúró níwájú fóònù tó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi ẹnu súfèé: Fíìì!

"Dúró, Ferdie Noriega! Ọjọ́ tí ìyá mi bí mi, oòrùn fara pamọ́, òkun ń bẹ ilẹ̀ pé kó gba òun sílẹ̀. Mànàmáná ni mo fi ń ta eyín, òkè ni mo fi ń ṣe ìrọ̀rí. Ikú kanlẹ̀kùn, mo ní kó nu ẹsẹ̀ kó tó wọlé. Ó nu ún títí, ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ẹ̀yin ọba, ẹ sọ adé kalẹ̀! Ẹ̀yin adájọ́, ẹ dìde fún mi! Mo parí, n kò kọsẹ̀. Gbé fìlà Ọ́ńkù mi kúrò lórí ìṣó, Ferdie. Má sì tíì kú o. Mò ń bọ̀ wá gbà á."