Ṣílè Mẹ́rin Tọ́ńgà

Sìmbíátù ti kan ilẹ̀kùn Tẹniọlá ní Attiégou kó tó mọ̀ pé àpò kò sí léjìká òun. Ó yí padà kíá. Ọ̀kadà tó gbé e wá láti Ablogamé, irú èyí tí àwọn ará Lomé ń pè ní zémidjan, ti yà ní kọ̀nà. Orí táǹkì epo, níwájú ọlọ́kadà, ni wọ́n gbé àpò náà sí kó má baà máa wọ obìnrin náà lọ́rùn. Ó sanwó, ó sọ̀kalẹ̀, ó gbàgbé.

Kì í ṣe àpò lásán. Ọdún mọ́kànlélógún ni Sìmbíátù fi ṣẹ́ owó fún àwọn atukọ̀ lẹ́bàá èbúté Lomé, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ tó ti Ìlọrin wá fi lé e lọ́wọ́. Owó ilẹ̀ gbogbo ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ kan ṣoṣo ló ń pa mọ́: Tọ́ńgà, àwọn erékùṣù kéékèèké tó wà láàrin òkun Pàsífíìkì lọ́hùn-ún. Atukọ̀ kan ló kọ́kọ́ fún un ní ọ̀kan, ó ní kó fi ṣeré, torí kò sẹ́ni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo bébà náà títí, ó rí igi àgbọn lára rẹ̀ bíi ti etí òkun tiwọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó bẹ àwọn atukọ̀, ó kọ̀wé sí àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ lókè òkun, ó fi èyí gba tọ̀hún. Nígbà tó pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, mẹ́tàlélógójì ló wà nínú ìwé aláwọ dúdú rẹ̀ tí ewé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá. Èyí tó ṣọ̀wọ́n jù ni ṣílè mẹ́rin kan, ti ayé ìgbà tí wọ́n ṣì ń ná pọ́n-ùn àti ṣílè ní Tọ́ńgà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wá a. Ìwé yìí gan-an ló wà nínú àpò tó gbàgbé.

Tẹniọlá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Abẹ́òkúta wá kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ló fẹ́ bá a ya fọ́tò àwọn owó náà kí àwọn tó ń kó owó jọ náà lè rí i.

"Màmá, ẹ jókòó ná. Ṣé nọ́ńbà yín wà nínú àpò?"

"Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà."

"Á pè. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Wọ́n jókòó ti fóònù bí ẹni jókòó ti aláìsàn. Wákàtí kan kọjá. Ìgbà tó dún, ọkùnrin kan fi Faransé bèèrè ẹni tó ni nọ́ńbà náà. Bó ti gbọ́ ohùn Sìmbíátù, ó yí sí Yorùbá, irú èyí tí àwọn Ifẹ̀ ìlú Atakpamé, ní Togo níbẹ̀, ń sọ.

"Màmá, èmi ni mo gbé yín láàárọ̀. Félicien lorúkọ mi. Irú owó wo lẹ gbé sọ́dọ̀ mi yìí? Mo fi han àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Totsi, wọ́n ní ayédèrú ni, kí n tètè pa á rẹ́ kí wọ́n tó ká a mọ́ mi lọ́wọ́."

"Kì í ṣe ayédèrú, ọmọ mi. Níbo lo wà? Mò ń bọ̀."

"N kò lè sọ. Ẹ̀gbọ́n mi he àpò rí, ó gbé e fún ẹni tó ni ín. Onítọ̀hún ní nǹkan inú rẹ̀ kò pé, ó kígbe olè. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lù ú pa. Mo ti dáná, Màmá. Mo ti ju ọ̀kan sí i kí n tó rí nọ́ńbà yín. Ọlọ́run ni mo bẹ̀rù tí mo fi pè."

Sìmbíátù lẹ fóònù mọ́ etí. Ó ń gbọ́ bí igi ṣe ń ta pàrà nínú iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù ọkùnrin náà. Ó fẹ́ bèèrè èwo ló jó. Ó mọ̀ pé bí òun bá figbe ta, yóò pa fóònù, yóò sì sun ìyókù. Ó gbé ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Félicien, ṣí ìwé náà. Ewé tó bá wù ọ́. Iye ewé náà nìkan ni kí o sọ fún mi."

Ọkùnrin náà ṣí ìwé. "Ewé keje."

"Méjì ló wà níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ti lu ti òkè níhò, ní igun òsì. Ẹnìkan ti fi bírò kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ti ìsàlẹ̀."

Ó gbọ́ bí ọ̀rá ṣe ń dún bí ó ti ń yí ìwé náà.

"Ewé kejìlá."

"Ọ̀kan. Wọ́n ti ká a sí mẹ́rin rí. Tíì dà sí i lára. Èmi gan-an ni mo dà á, mo sunkún lọ́jọ́ yẹn."

"Ewé àkọ́kọ́."

Sìmbíátù dijú. Tẹniọlá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọ̀kan. Ṣílè mẹ́rin. Etí rẹ̀ lókè ya díẹ̀, kò ju èékánná lọ."

Ohùn ọkùnrin náà wálẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, Màmá."

Sìmbíátù bu ètè jẹ.

"Ẹni tó ń ṣe ayédèrú kì í mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí," ni Félicien wí. "Mo wà lẹ́yìn ọjà Totsi, níbi tí wọ́n ti ń lẹ táyà. Ẹ má mú ẹnikẹ́ni wá o."

Tẹniọlá ní kó má dá lọ. Ó dá lọ. Lójú ọ̀nà, èébú tí yóò bú ọkùnrin náà ló ń tò sẹ́nu, kò sì rí èyí tó tó.

Félicien dúró lódìkejì ọ̀kadà rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ kan lórí ìjánu. Èérú dúdú wà ní orí ìka rẹ̀. Ó na àpò sí i láti òkèèrè.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú mi."

Sìmbíátù ṣí ìwé náà. Ewé àkọ́kọ́ ṣófo. Ó ń ṣí ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n sókè. Àwọn tó ń lẹ táyà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, géńdé tó di irin ńlá kan mú, sún mọ́ wọn.

"Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ó jí nǹkan yín ni?"

Àwọn mìíràn ti ń jáde látẹ̀yìn ìsọ̀. Félicien kò wo ẹnikẹ́ni àfi Sìmbíátù. Òógùn ń ṣàn wọ ojú rẹ̀, kò nù ún. Obìnrin náà rí i pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu òun, irin yẹn yóò gòkè. Inú sì ń bí i, inú ń bí i gidigidi.

"Ó pé," ni ó wí. "Mo gbàgbé àpò mi ni, ó sì pè mí kí n wá gbà á. Kò sí ohun tó dín."

Géńdé náà wo àwọn méjèèjì, ó gbé èjìká, ó padà sídìí táyà. Félicien pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹni tí eegun rẹ̀ yọ́.

"Èyí tó jóná yẹn," ni ó bèèrè nígbà tó yá, "ṣé ó ṣe pàtàkì?"

"Òun ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo wọn."

Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó nu ìjókòó ọ̀kadà pẹ̀lú apá ẹ̀wù rẹ̀, ó ní òun yóò gbé e padà sí Attiégou. Sìmbíátù rò ó wò, ó gùn ún. Ó di ìwé náà mọ́ àyà. Wọn kò tíì jáde ní Totsi tí ẹkún fi gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lẹ́yìn ọkùnrin náà. Félicien gbọ́. Kò bojú wẹ̀yìn, ó kàn dín eré ọ̀kadà kù, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́bàá títì, ó ń jẹ́ kí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù máa yà á sílẹ̀.