Orin tí Ọkọ̀ Ìràwọ̀ Fi Ń Fò

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin akọrin, kí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ sì dẹ́kun ẹ̀rín. Mo lá àlá kan. Kì í ṣe lóru àná bí ti ẹlòmíràn. Àárọ̀ òní ni mo lá a, n kò sì sí lórí ibùsùn nígbà náà.

Mo bá ara mi ní ọ́fíìsì kan tí ó léfòó lójú sánmà bí igbá lójú omi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe orin fún sinimá ọkọ̀ ìràwọ̀ kan, èyí tí wọ́n ti ń yà láti ìgbà èwe mi, tí kò sì tíì parí. Apá kejìdínlógún ni wọ́n wà. Ọ̀gá ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé, fi ọ̀pá ìdarí lé mi lọ́wọ́.

“Ọ̀gá Akọrin, ẹ káàárọ̀ o. Orin ni epo ọkọ̀ wa. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, ọkọ̀ já lulẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá parí bí ó ti yẹ, ọkọ̀ á rọra balẹ̀.”

“Ta ni ó wà nínú rẹ̀?”

“Ìyàwó yín ni.”

Mo gbójú sókè. Lóòótọ́, Ìyá Tinúadé yọrí lójú fèrèsé ọkọ̀ náà, ó gbé àwo àkàrà dání.

“Bàbá Tinúadé, ẹ tètè sọ̀ mí kalẹ̀ o! Àkàrà ń tutù!”

Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí ó bí mi nínú ni pé orí ìlà márùn-ún ni wọ́n kọ orin náà sí, bí àwọn òyìnbó ti ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ dò-rè-mí ni a fi kọ́ mi ní orin kíkà. Àwọn àmì orin náà rí ìbínú mi. Wọ́n fò kúrò lórí ìlà bí ológoṣẹ́, wọ́n sì tún ara wọn tò ní dò, rè, mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Gòjé kan tí ó ga ju ènìyàn lọ wúkọ́ díẹ̀. “Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́ o. Orúnkún ń dùn mí.”

“Gòjé a máa ní orúnkún?”

“Ẹ̀yin náà ní. Ṣé tiyín kò dùn yín ni?”

Ìgbà náà ni mo ṣàkíyèsí pé tèmi náà ń dùn mí gidigidi.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ń jó láàárín ìràwọ̀, òṣùpá sì ń mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ojú ìwé ìkẹyìn, n kò rí i. Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnádé ti di òbúkọ, táì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń jẹ ìwé náà pẹ̀lú sùúrù.

“Ọ̀gbẹ́ni, ìparí orin ni ẹ ń jẹ yẹn.”

“Ẹ má bínú, sà. Láti apá kìíní ni mo ti ń jẹ ẹ́. Bí orin bá parí, iṣẹ́ mi parí nìyẹn.”

A padà sí ìbẹ̀rẹ̀. A tún padà. Ètè àwọn afunfèrè wú, gòjé ń sunkún, ọkọ̀ kò sì balẹ̀.

Ìyá Tinúadé pariwo láti òkè: “Bàbá Tinúadé! Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń darí akọrin, ẹ kò mọ bí a ṣe ń parí orin?”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Kí ni a fi ń parí orin ìsìn nínú ìjọ wa, tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀, tí òbúkọ kò sì lè jẹ? Mo gbé ọ̀pá sókè.

“Àmín, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ẹ fà á!”

Wọ́n fà á. Òbúkọ pàápàá gba ohùn ìsàlẹ̀, kò sì ṣìnà, ẹ̀yin olóhùn ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi fúnra mi lanu: “Ààààmín!”

Mo la ojú. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà ní pálọ̀, mo gbórí lé àga. Ìyá Tinúadé kúnlẹ̀ ní ìhà kejì, ó ń wò mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nínú ilé mi, ẹnikẹ́ni kì í dìde níbi àdúrà àárọ̀ títí èmi yóò fi ṣe Àmín.

“Ẹ ṣeun o,” ni ó wí, ó di orúnkún mú, ó rọra dìde. “Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàdúrà tán. Àmín yín ni mo ń dúró dè.”

Àkàrà wà lórí tábìlì, ó ti tutù. Mo jẹ ẹ́, n kò ráhùn.