Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ Ẹ̀rọ

Ẹ má dá mi lóhùn, inú ló ń bí mi. Télọ̀ ni ọkọ mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti ní ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe é, èmi ni mo di ọlọ́pàá ẹnu rẹ̀. Mo kó ṣúgà kúrò nílé pátápátá. Oògùn rẹ̀, ojú mi ló ti ń lò ó. Láràárọ̀ la jọ ń rìn dé ìkóríta, á máa ráhùn pé ìyàwó lòun fẹ́, òun ò mọ̀ pé sójà lòun gbé wọlé. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní ṣúgà ti wálẹ̀ dáadáa. Ńṣe ni mo ń yan lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Àṣé ẹnu nìkan ni mò ń ṣọ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un ní ọsibítù pé kò gbọ́dọ̀ wà lẹ́sẹ̀ lásán mọ́, torí àìsàn náà ti ń pa ẹsẹ̀ rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀. Ó ń wọ bàtà nílé, ó ń wọ̀ ọ́ ròde. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, á bọ́ ọ. Bí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ṣe kọ́ gbogbo wọn nìyẹn: wọ́n ní bàtà kì í jẹ́ kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó rọra tẹ pẹ́dàlì. Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Ṣé mo ń rìn ni? Ìjókòó ni mo jókòó." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbàlagbà!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń rán aṣọ funfun kan, ó ń súfèé. Mo rí nǹkan pupa lórí pẹ́dàlì.

"Kí lèyí?"

Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Á jẹ́ pé aṣọ pupa àná ló ṣí síbẹ̀."

Mo gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sókè. Èèmọ̀ rè é! Ààbọ̀ abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ ló wọlé sábẹ́ ọmọ ìka rẹ̀, ibẹ̀ ti wú, ó ti ń rùn.

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára," ó wí, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo ń pariwo mọ́ ọn, mo sì ń sunkún.

Ní ọsibítù, dókítà yọ abẹ́rẹ́ náà. Ó ní egbò ti wọ eegun, wọ́n máa gé ọmọ ìka méjì. Ọkọ mi ní, "Ó dáa. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì wà, màá fi ìyẹn tẹ ẹ̀rọ." Kò mọ iṣẹ́ mìíràn láyé yìí.

"Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀tún náà ná," ni dókítà wí. "Tí kò bá mọ nǹkan lára, bàbá, ẹ gbàgbé ìdí ẹ̀rọ. Ohun tó ṣe òsì lè ṣe òun náà." Ó mú okùn tín-ín-rín kan. "Ẹ dijú. Bí mo bá ti fi kàn yín, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni."

Ọkọ mi dijú pinpin. Dókítà fi okùn náà kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó fi kan gìgísẹ̀. Ó dákẹ́. Òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n bá a dáhùn, ṣùgbọ́n apá mi ò ká a.

Dókítà gbé okùn náà sórí tábìlì, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ọkọ mi wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ibẹ̀ yẹn gan-an."