Ojú Tó Ń Wo Ọ̀nà

Látìgbà tí dókítà ojú ti ní kí káfíńtà má wakọ̀ mọ́, kò sí òwúrọ̀ kan tí kì í fọ ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró sínú ọgbà. Yóò fọ̀ ọ́, yóò nù ún gbẹ, yóò sì tì í pa. Ìyàwó rẹ̀ a máa wò ó láti ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin, tó bímọ sí òdìkejì ìlú. Ó fẹ́ gbé ọmọ tuntun náà kó tó di ẹni tó ń rìn.

"Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká pe ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀."

"Ọkọ̀ gbogbo ayé? Ta ni yóò máa fọ̀ ọ́?"

"Ó dáa. Ẹ máa fọ tiyín. Èmi ń lọ wo ọmọ-ọmọ mi."

Ó tẹ fóònù. Kò pẹ́, ọkọ̀ náà yọ́ dé ẹnu ọ̀nà bí ológbò. Ìyàwó ti jókòó sínú rẹ̀ tán nígbà tí káfíńtà já wọ inú ọkọ̀, àkísà ìnukọ̀ lọ́wọ́.

"Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o," ló fi kí iwájú ọkọ̀ tó ṣófo.

Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dúró kó dá yín lóhùn!"

Kò sí sítíárì níbẹ̀. Ńṣe ni ìjókòó kọjú síra wọn. Káfíńtà kọ́kọ́ ń fẹsẹ̀ wá bíréèkì kiri ilẹ̀. Ó nu ẹrẹ̀ tí bàtà ẹnìkan fi sílẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ojú tí kò rí ọ̀nà jíjìn mọ́ rí ìyàwó rẹ̀ kedere.

"Ìyá wọn, ṣé bí o ṣe máa ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ látọjọ́ yìí nìyí?"

"Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, etí yín nìkan ni mò ń rí. Ọ̀nà lẹ̀ ń wò."

"Ọ̀nà mà ti rẹ́ mi jẹ o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín dé ẹnu ilẹ̀kùn ọmọ wọn. Ìyàwó káfíńtà ti na ọwọ́ gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kanlẹ̀ dáadáa. Ó gbé e mọ́ àyà, ó ń pè é ní olówó orí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o!" ọmọ wọn kígbe. "Ẹlòmíràn ń dúró de ọkọ̀ yẹn!"

"Ẹ jẹ́ n nu ọkọ̀ wa tán ná."

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ "ọkọ̀ wa" yẹn. Ó fi ọrùn ọmọ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé, káfíńtà ní, "Ọkọ̀ mi tó wà nínú ọgbà yẹn, ká wá ẹni tójú rẹ̀ ń ríran fún un." Ó ká àkísà rẹ̀ sápò. "Ìyá wọn, bó o bá ń pe èyí tó máa gbé wa lọ, bi í bóyá ó mọ ọ̀nà tó jìn ju ti àárọ̀ lọ."