Iná Lára Ògiri Bernadine

Ẹni tó bá wọ ilé Bernadine Wojtas lọ́dún yẹn, iná ló máa kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Iná Ńlá Chicago ni o, èyí tó jẹ ìlú náà run lọ́dún 1871. Bernadine ra àwòrán rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí páànù pẹlẹbẹ tó ń dán, ó sì kàn án mọ́ gbogbo ògiri. Ẹnu ọ̀nà, iná. Pálọ̀, iná. Lókè bẹ́ẹ̀dì, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ń sá kọjá lórí afárá, bàbá kan ru àga, ìyá kan ń wọ́ ọmọ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá kò yọ. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, kóòtù ìlú ló ń wó lulẹ̀ níwájú ẹ̀.

"Bernadine," ni ọkọ rẹ̀, Kaz, wí, "èyí tó o kàn sókè sítóòfù yìí, bí iná gidi bá sọ níbẹ̀, báwo la ṣe máa mọ èyí tá a máa da omi sí?"

"Ẹnu ẹ ni kó o kọ́kọ́ pa mọ́."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Kaz fi wa bọ́ọ̀sì ìlú kó tó fẹ̀yìn tì. Iṣẹ́ méjì ló kù fún un báyìí: kó jẹun, kó sì fi èèyàn ṣẹ̀sín. Ó mọ méjèèjì ṣe.

Ẹ má tíì dá Bernadine lẹ́bi o. Lóṣù kẹfà ọdọọdún, àdúgbò wọn máa ń ṣe Ìrìn Wolé-wolé. Ìgbìmọ̀ á yan ilé mẹ́fà, àwọn èèyàn á sì tò wọlé láti wá wo kọ́tìnnì onílé, kí wọ́n máa mí kanlẹ̀. Lenore Hapgood tó ń gbé ní òdìkejì títì ni wọ́n ti yàn fún ọdún mẹ́ta gbáko. Látìgbà náà, àgbọ̀n ló fi ń kí èèyàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà lẹ́nu ẹ̀: "Ìdílé tiwa ti wà ní Chicago ṣáájú Iná." Ní àdúgbò yẹn, oríkì nìyẹn. Bó o fi góòlù kọ́lé, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn Iná làwọn èèyàn ẹ dé, àlejò ni ẹ́.

Ọdún 1912 ni bàbá àgbà Bernadine dé láti Poland. Ilé ìpẹran ló gbà lọ tààrà, ìfun màlúù ló sì ń fà títí ó fi kú. Èèyàn gidi ni. Àmọ́ ta ni yóò tò wá wo ògiri ọmọ afàfun?

Ni Bernadine bá dá bàbá-ńlá tuntun sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wo àwòrán tó tóbi jù, tó wà ní yàrá ìjẹun, ó yan ṣọ́ọ̀bù kan nínú ẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù bàbá-ńlá òun Ignatz nìyẹn, pé fìlà ni wọ́n ń tà.

"Mo mọ Ignatz dáadáa," Kaz wí. "Ojú mi kòró ni wọ́n ṣe bí i, Túsìdeè tó kọjá."

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Mìsíìsì Winifred Thorpe, alága ìgbìmọ̀, dé láti wá yẹ ilé náà wò. Ó so bírò mọ́ ọrùn. Bí obìnrin yìí bá fi lè mi orí pé rárá, ó tún di ọdún tó ń bọ̀ fún Bernadine. Mìsíìsì Thorpe yin pálọ̀. Ó yin ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n dé yàrá ìjẹun, níbi tí Kaz ti ń jẹ búrẹ́dì ẹlẹ́ran.

"Ṣọ́ọ̀bù bàbá-ńlá mi nìyí, mà," Bernadine wí. "Ẹ̀wù ọrùn wọn nìkan ni wọ́n mú jáde."

Mìsíìsì Thorpe wọ awò ojú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òkè wo ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yìí?"

Bernadine wò ó. Yéè! Àràárọ̀ ló ń nu àwòrán yìí, ọwọ́ iná nìkan lojú rẹ̀ ń rí. Lóòótọ́, òkè gàgàrà kan dìde lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ilé tò lé ara wọn lórí ẹ̀. Chicago tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo! Iná San Francisco, ìlú olókè tóun náà jóná nígbà kan, ni oníṣòwò fi ránṣẹ́ sí i. Ó rí oṣù kẹfà tó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òkè yẹn?" Kaz wí, omi ẹran ń ro lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó jóná."

Mìsíìsì Thorpe yọ awò ojú.

"Òkè… jóná?"

"Ráúráú. Àwọn tí ìdílé wọn ti wà níhìn-ín ṣáájú Iná ṣáà mọ̀ ọ́n. Àwọn tó dé lẹ́yìn ni wọn ò gbọ́ ọ rí."

Bernadine ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu. Àmọ́ ẹ wo Mìsíìsì Thorpe: ojú rẹ̀ pọ́n, ó funfun, ó tún pọ́n. Alága ìgbìmọ̀, tí òun náà ń pe ara rẹ̀ ní ará ìṣáájú Iná! Ẹnu wo ló fẹ́ fi sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n?

"Áà, òkè yẹn!" Ó gbá iwájú orí. "Ìyá-ìyá mi kì í yé sọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa ń yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín níbẹ̀." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bó ṣe jáde ni Bernadine fi aṣọ ìnuwọ́ na ọkọ rẹ̀, ó tún fẹnu kò ó lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn.

Oṣù kẹfà dé, èèyàn tò dé títì. Afinimọ̀nà ń sọ ìtàn òkè tó jóná àti ti Ignatz onífìlà fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ béèrè á wo ojú ẹnìkejì, á sì mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá kan ní orí òkè náà ni bàbá àgbà òun ti ń da ewúrẹ́. Orí Bernadine wú.

Nígbà tó di aago mẹ́ta, Lenore Hapgood wọlé. Wọn ò yan ilé tiẹ̀ lọ́dún yìí. Ó dúró pẹ́ níwájú àwòrán, Bernadine ká ọwọ́ gbera, ó ń retí kí ìlara fún un lọ́rùn pa.

Lenore mí kanlẹ̀. Ó na ìka sí téńté òkè, níbi tí ilé ńlá kan wà tí iná kò tíì dé.

"Ẹ wò ó o, ẹ̀yin èèyàn! Ilé ìyá-ńlá mi nìyẹn." Ó yíjú sí Bernadine tàánútàánú. "Wọ́n máa ń sọ fún wa pé bàbá kan wà nísàlẹ̀ tó ń ta fìlà, pé àràárọ̀ ló ń ṣí fìlà kí wọn. Bàbá-ńlá yín nìyẹn, àbí?"

Irọ́ gbuu! Ó ti dé orí ahọ́n Bernadine pé kò sí òkè kankan, kò sí i rí. Gbogbo ilé ń wò ó. Kaz dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì, ó yanu.

"Àwọn náà ni," ni Bernadine wí, jẹ́jẹ́. "Wọ́n mọ èèyàn kí gan-an."