Okùn Ọdún Méje

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ mẹ́fà tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ, ó sì fi jìtá béèsì rẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrá. Ohun tó bá mi sọ kó tó lọ kò ju méjì lọ: kí n máa bá a bomi rin òdòdó ojú fèrèsé, kí n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé jìtá lórí. Mo bomi rin òdòdó. Kò sẹ́ni tó jókòó lé jìtá. Tí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, mo pa òfin méjèèjì mọ́.

Ṣùgbọ́n ara mi kì í balẹ̀ tí mo bá ti rí nǹkan tó ní súkúrúù. Oṣù kẹsàn-án rèé tí mo ti jáde ní yunifásítì tí mò ń retí iṣẹ́. Láàrin ìgbà yẹn, mo ti tú fáànù, mo ti tú aago ara ògiri, mo ti tú rédíò ìyá wa. Rédíò náà ń ṣiṣẹ́ di òní. Àmọ́ ibùdó kan ṣoṣo ló ń gbé, èdè tí wọ́n sì ń sọ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú ilé wa. Látìgbà náà ni ìyá wa ti ń pè mí ní Tú-u-wò.

Jìtá náà kì í ṣe ojúlówó kan báyìí. Irú èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Igi rẹ̀ fúyẹ́, ọ̀dà rẹ̀ sì ti ṣí níbi tí apá ẹ̀gbọ́n mi máa ń fara tì. Bí o bá so ó mọ́ ampilifáyà, á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí oyin inú ihò igi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ráhùn nípa kíkùn yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan tó mi.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà gbóná ni pé ọjọ́ Sátidé tó máa dé yẹn gan-an, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni ẹ̀gbọ́n mi máa lọ ta jìtá níwájú Bàbá Fèrè. Bàbá Fèrè ló ni ẹgbẹ́ olórin kan tó ń wá ẹni tí yóò máa ta béèsì. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń wá irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ó ti sọ fún mi pé, “Tó bá lọ kùn níwájú bàbá yẹn, mo gbé.”

Mo ní kò ní kùn. Mo kàn sọ ọ́ sínú ara mi ni.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dojú jìtá bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ṣí ibi tí wáyà wà. Mo ṣàkíyèsí ohun kan tó jọ àlọ́: bí mo bá fọwọ́ kan okùn, kíkùn náà á dákẹ́; bí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ títí oòrùn fi kàn mí lórí láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá ni mo rí i. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yẹ kó dé abẹ́ irin ìdí jìtá, níbi tí wọ́n so okùn mọ́, ti já. Mo gbé áyọ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń lẹ wáyà jáde, mo kán lẹ́ẹ̀dì sí i lẹ́ẹ̀kan. Kíkùn parí.

Ká ní mo dáwọ́ dúró níbẹ̀ ni, ì bá jẹ́ pé mo kàn ní ìtàn kékeré kan tí mo fi ń yangàn.

Ta ló ń dáwọ́ dúró? Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo lọ wá píkọ́ọ̀pù tuntun, ìyẹn mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn lọ sínú wáyà, mo sì fi í rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, mo yọ irin ìdí jìtá, mo fi òmíràn tó wúwo sí i, mo sì sún un díẹ̀díẹ̀ títí ohùn okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi bára dọ́gba láti orí dé ìdí ọrùn. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, mo pààrọ̀ nọ́ọ̀bù tí wọ́n fi ń yí ohùn, mo fi epo nu igi ọrùn. Oúnjẹ ọ̀sán di ohun tí mò ń jẹ lórí ìdúró.

Ó wá ku okùn. Àwọn okùn náà ti dúdú, wọ́n ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí okùn tí wọ́n fi ń fa omi nínú kànga. Ojú tì mí fún ẹ̀gbọ́n mi. Kí n má baà máa fi sùúrù tú wọn, mo mú pílásì, mo gé wọn: kíú, kíú, kíú, kíú. Mo ká wọn jù sínú ike ìdọ̀tí. Àwọn akódọ̀tí sì wá láàárọ̀ Fúráídè.

Okùn tuntun tí mo rà so mọ́ ọn ń dán. Mo ta á. Ohùn rẹ̀ jáde gàn-án gan-an, bí ṣíbí tó já bọ́ sórí táìsì. Mo jó yí bẹ́ẹ̀dì po. Ìyá wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Tú-u-wò, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ní kó o ṣe é?”

“Rárá, Mà. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu ni.”

“Ó máa yà á lẹ́nu,” ni ìyá wa wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé ní aago kan kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kò tíì bọ́ bàtà tí mo ti gbé jìtá lé e lọ́wọ́.

“Àǹtí, ẹ tẹ́tí sí i. Kò kùn mọ́!”

Ó tẹ́tí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá mi léjìká. Lẹ́yìn náà ló ta okùn tó nípọn jù, ó ta èkejì, ó ta ẹ̀kẹta. Ẹ̀rín náà lọ.

“Okùn mi dà?”

“Mo ti pààrọ̀ wọn. Ẹ ò rí bí wọ́n ṣe dọ̀tí tó ni?”

“Mo ní okùn mi dà?”

“Mo... mo gé wọn. Wọ́n ti kó ìdọ̀tí lọ lánàá.”

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi.

“Ọdún méje ni mi ò fi pààrọ̀ okùn yẹn,” ó ní. “Kì í ṣe pé mi ò rí òmíràn rà. Òógùn ọwọ́ mi ló wà lára wọn. Òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n dún gooro. Bí mo bá ta á, á sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, á panu mọ́. Bàbá Fèrè gbọ́ ọ ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, ó ní, ‘Ohùn tí kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yẹn ni mò ń wá.’ Nítorí ohùn yẹn ló ṣe pè mí. Wá gbọ́ eléyìí.” Ó ta á. Gàn-án. “Èyí ń já lu ọ̀rọ̀ gbogbo ayé.”

Àlọ́ kíkùn tí mo tú lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àlọ́ ẹlẹ́rọ ni. Èyí tó wà níwájú mi nísinsìnyí, èmi fúnra mi ni mo pa á, mi ò sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Aago ti di méjì.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ojú fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà. Kí ni okùn àtijọ́ ní tí tuntun ò ní? Ìdọ̀tí ni. Kí ni ìdọ̀tí ń ṣe? Ó ń tètè pa ohùn.

“Àǹtí, tí a bá fi òróró pa wọ́n lára ńkọ́?”

“Ṣé o fẹ́ dín wọn ni?”

Mo ká áńkáṣíìfù sábẹ́ okùn. Ohùn náà kú pátápátá. Ó dà bí ẹni ń gbá páálí. Mo fa aṣọ náà yọ. Mo rìn dé pálọ̀, mo rí tìmùtìmù tí ìyá wa jókòó lé.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀.”

“Kí lo tún fẹ́ tú?”

Kí ó tó sọ ọ́ tán, mo ti já òwú ẹ̀yìn tìmùtìmù, mo ti fi sísọ́ọ̀sì gé fóòmù kan tó fẹ̀ tó ìka.

“Yéè! Tìmùtìmù mi! Ẹ̀yin ará, ọmọ yìí ti tú nǹkan dé abẹ́ ìdí mi!”

Mo fi fóòmù náà sábẹ́ okùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ìdí jìtá, kó kàn máa fara kàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ta á. Dùmù. Ohùn náà yí roboto, ó kúrú. Ó tún ta á, ó dijú.

“Àbúrò ohùn àtijọ́ ni,” ó ní. “Kì í ṣe òun.”

“Omi ló dànù,” ni ìyá wa wí láti pálọ̀, “agbè ò fọ́. Ẹ máa lọ, aago mẹ́ta ti lù.”

Èmi ni mo bá a gbé jìtá dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọrin. Wọn ò jẹ́ kí n wọlé. Mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ka táìsì ilẹ̀: mọ́kànléláàádọ́ta ní gígùn, mo tún un kà, ó di àádọ́ta. Mo gbọ́ fèrè, mo gbọ́ ìlù, mo gbọ́ ohùn béèsì lábẹ́ wọn, kúkúrú, pẹ̀lẹ́. Ọkàn mi rọlẹ̀. Àfi lójijì nínú orin kejì: gàn-án! Fóòmù ti yẹ̀. Fèrè dákẹ́. Gbogbo nǹkan dákẹ́. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, mo sì jù ú sílẹ̀. Kí ni mo fẹ́ wọlé lọ tú?

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, orin tún bẹ̀rẹ̀.

Ó ti kọjá aago márùn-ún kí ẹ̀gbọ́n mi tó jáde.

“Wọ́n gbà mí fún oṣù kan.”

“Oṣù kan péré? Kí ló dé?”

“Bàbá Fèrè ní ọwọ́ mi kò yí padà, ohùn mi ló di ọmọdé. Tí mo bá ti wá ohùn àgbà yẹn rí kí oṣù tó parí, mo di tiwọn. Tí mi ò bá rí i, ẹlòmíràn wà nílẹ̀.” Ó gbé jìtá kọ́ mi lápá. “Ó ní òun ò gbọ́ kíkùn kankan. Ó béèrè ẹni tó ṣe é.”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ sí mi lẹ́nu.

“Má rẹ́rìn-ín. Èmi ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, ìwọ lo wà nílé. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ni wàá máa ta okùn yìí títí wọ́n á fi dàgbà. O ò gbọdọ̀ nù wọ́n. O ò gbọdọ̀ fọ ọwọ́ kó o tó jókòó tì í.”

“Àǹtí, mi ò mọ orin kankan.”

“Ta ló bi ọ́ léèrè orin? Okùn kan, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Kó o wá bọ́ sí èkejì.”

Òní ni ọjọ́ kọkànlá. Orí àga kan náà ni mo wà láti aago mẹ́sàn-án. Ìka mi ti lé roro, ó ti bẹ́, ó ti le. Okùn kìn-ín-ní ti ń dúdú díẹ̀díẹ̀. Lánàá, ẹ̀gbọ́n mi fetí sí i, ó sì bu ẹran kún oúnjẹ mi. Súkúrúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀bù tí kò wọlé tán. Mo ń wò ó. Òun náà ń wò mí. Ọwọ́ ń yún mi.

Dùmù. Dùmù. Dùmù.